Ejò Abẹ́ Fèrèsé Ìyá Kékeré

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ooru tí ẹ ní kò jẹ́ kí ẹ fojú ba oorun mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Ìyá Kékeré, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn náà. Mo kí Abídù àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn. Mo kí Ráhámà, ọmọ Ìyá Kékeré, tó ń fi àwòrán ilé ránṣẹ́ sí mi kí n má bàa gbàgbé ojú ẹnikẹ́ni. Mo kí Alfa wa. Mo kí gbogbo ará àdúgbò wa ní Tanke àti ẹ̀yin tí ẹ jọ ń tajà ní Ipata, torí pé gbogbo yín lẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, apá kan ṣoṣo lẹ sì gbọ́.

Màmá, ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti kọ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ló dé tí Sùlé kò pe ìyá rẹ̀. Mo pè yín. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti dárúkọ Ìyá Kékeré ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bàjẹ́. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ oògùn ẹsẹ̀ yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì a dára, mo tilẹ̀ máa ń gbọ́ ohùn adìyẹ ní àgbàlá. N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ ń pa fóònù o, ṣùgbọ́n mo fura. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti sọ nídìí ẹ̀rọ omi, tí wọ́n ti sọ dé Ipata, kò ṣeé parí ní kọ̀rọ̀ yàrá. Gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ obìnrin náà jẹ́, gbangba náà ni n ó ti sọ ohun tí mo mọ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè lóye: ìyàwó kejì tí Bàbá wa fẹ́ ni Ìyá Kékeré, ẹ̀yin ìyá tó bí mi ni ìyáálé. Láti ìgbà tí Bàbá ti jáde láyé, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gbé ilé tí wọ́n fi sílẹ̀, ẹ̀yin lápá ilé ìdáná, Ìyá Kékeré lápá ẹ̀yìn níbi tí àpáta wà. Abídù sọ fún mi pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹbí máa jókòó, ẹbí á sì ní kí Ìyá Kékeré kó ẹrù padà sí ilé bàbá wọn ní Àfọ̀n. Obìnrin tó wọ ilé wa nígbà tí mo ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé kéwú ni wọ́n fẹ́ lé jáde ní irú ọjọ́ orí yìí. Ilé bàbá wọn tí wọ́n ní kí wọ́n padà sí, òrùlé rẹ̀ ti wó.

Ẹjọ́ tí ẹ kà sí wọn lọ́rùn kò ju pé wọ́n ń rán ejò lọ. Ẹ ní abẹ́ fèrèsé wọn ni paramọ́lẹ̀ ti ń jáde. Ẹ ní ọ̀kan jáde lọ́jọ́ tí ẹ̀yin àti wọn jà, òmíràn jáde nígbà tí ara ọmọ Abídù kò yá. Ẹ fi ti ọmọ odó yín kún un: pé ẹ jáde lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ sì rí i pé ẹnìkan ti fọ ọmọ odó yín, pé ó ń gbẹ lórí àpáta lẹ́yìn ilé, bẹ́ẹ̀ ẹ kò gún nǹkan kan lánàá. Ráhámà ní ìyá òun ló mú un. Ẹ wá bi mí lórí fóònù pé kí ni ìyàwó fẹ́ fi ọmọ odó ìyáálé ṣe láfẹ̀mọ́júmọ́. Mo ti rí èsì rẹ̀ báyìí, mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ̀rí tó wá lágbára jù lójú yín ni tèmi. Ejò wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà ní Amẹ́ríkà níhìn-ín, ní àkókò kan náà tí ejò ń jáde nílé. Ẹ ní ta ló tún lè rán ejò kọjá òkun, bí kì í ṣe ẹni tó mọ orúkọ mi àti orúkọ ìyá tó bí mi. Mo gbọ́ pé ibi tí ẹ ti sọ ìyẹn tán ni gbogbo ilé ti gbà fún yín, títí kan Alfa. Ejò tèmi lẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ejò náà wá ṣe, kí ẹlẹ́rìí má bàa jẹ́rìí èké.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rò pé òyìnbó ti fọ ọpọlọ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìfura, ó sì wà lára mi digbí. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Onílé tí ò bá fura, olè ni ó kó o. Orin tí ẹ fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nìyẹn. Títí di òní, n kì í wọ bàtà láì kọ́kọ́ gbọ̀n ọ́n. N kì í mu omi tí mo bá gbé kalẹ̀ tí mo sì yí ojú kúrò. Níbi iṣẹ́, bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, mo máa ń bi ara mi pé kí ló fẹ́ gbà.

Ìlú aṣálẹ̀ ni mò ń gbé, ní Àrísónà. Àtúnṣe ẹ̀rọ amúlétutù ni iṣẹ́ mi. Orí òrùlé ni mo máa ń wà láti àárọ̀, irin á gbóná débi pé n kò lè fi ọwọ́ lásán dì í mú. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé oòrùn Ìlọrin mú, oòrùn Ìlọrin ń bá èèyàn ṣeré ni. Àwọn tó ti pẹ́ níbí ní oòrùn ti máa ń mú tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wọ̀, ilẹ̀ a tutù, wọn a jókòó síta. Ní báyìí, ilẹ̀ kì í tutù mọ́. Òjò tí wọ́n máa ń retí láàárín ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọdún mìíràn a ṣú dẹ̀dẹ̀, a sì kọjá lọ láì kán. Ooru tó ń pa ẹlòmíràn lára ni èmi fi ń jẹun, òun náà ni mo fi ń ra oògùn ẹsẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀.

Ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé kí n máa bọ̀ nílé. Ọjọ́ Iléyá tó kọjá, orí òrùlé oníbàárà ni mo wà. Mo sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ọkọ̀, mo jẹ búrẹ́dì, mo wo àwòrán ẹran tí Ráhámà fi ránṣẹ́, mo sunkún díẹ̀, mo nujú, mo tún gun òrùlé. N kò sọ fún yín nígbà tí ẹ pè. Mo ní a jẹ, a yó.

Kúnlé ni èmi àti rẹ̀ jọ ń gbé, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ yìí. Kristẹni ni, ó máa ń gbàdúrà kíkankíkan, ó sì mọ ọbẹ̀ sè. Ilé kékeré tí a háyà, irin àti pákó ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, nítorí náà abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ibòji sì wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi àti Kúnlé ń bá ara wa gbé dáadáa títí di ìgbà tí ọ̀gá wa ní òun fẹ́ mú ẹnìkan nínú wa ṣe olórí ikọ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi gbogbo ojú sùn mọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ejò dé. Ejò kan wà níbí tí ìrù rẹ̀ ń dún. Èmi ń pè é ní ejò oníṣaworo, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dùn bíi ti ṣaworo rárá, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń mi ẹ̀wà gbígbẹ nínú agolo. Mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, mo sì bá a níwájú àtẹ̀gùn wa, ó ká jọ, ó ń dún. Nígbà tí mo pa ìlẹ̀kùn dé, ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn mi kì í ṣe ejò náà, Màmá. Ẹni tó rán an ni. Mo wo ojú Kúnlé, mo rí i pé òun náà ń wo tèmi.

Ejò náà lọ, ó tún padà wá. Mo pè yín, ẹ ní kí n ka àwọn súrà tí mo mọ̀ sínú omi, kí n máa wọ́n ọn sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, n kò jẹ́ kí Kúnlé rí mi. Ejò kò lọ. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan dídán kan tó ń yọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo fọwọ́ kàn án, òróró ni. Mo ní, àṣé ohun tí Kúnlé ń ṣe nìyí. Láti ọjọ́ náà n kò jẹ ọbẹ̀ Kúnlé mọ́, mo ní inú ń run mí. Nígbà tí mo sọ fún yín pé mo ti rù, ohun tó fà á nìyẹn.

Ọjọ́ kan ni ejò náà wọ abẹ́ ilé wa, tí kò jáde. Ẹni tó ni ilé ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fi ẹ̀mú gígùn kó ejò kúrò nílé onílé. Ó mú ejò náà jẹ́jẹ́, ó fi í sínú garawa oníke, ó sì dé e. Mo ní kó pa á, ó ní òun kì í pa wọ́n, òun máa tú u sílẹ̀ nínú ìgbẹ́ ni. Mo fura sí òun náà lójú ẹsẹ̀. Ta ló ń mú ọ̀tá tán tó tún ń gbé e lọ sílé rẹ̀? Ẹni tó ń tinú ejò jẹun, ṣé ó máa fẹ́ kí ejò tán ni?

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà wa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì bi wá pé kí ni a ń dà síbẹ̀. Èmi ń wo ilẹ̀. Kúnlé náà ń wo ilẹ̀. Nígbà tí kò fi wá sílẹ̀, Kúnlé ní òróró àdúrà ni, pé pásítọ̀ òun ló ní kí òun máa ta á sílẹ̀ nítorí omi tí òun rí i pé èmi ọmọ Ìlọrin ń pọfọ̀ sí, tí mo sì ń wọ́n sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun mọ̀ pé ọmọ Ìlọrin kì í dá lọ síbì kan láì ní alfa lẹ́yìn. Èmi tí mo ń fura sí i, èmi gan-an ló ń sá fún! Ìdí tó fi ń se ọbẹ̀ púpọ̀ nígbà náà ni pé ó fẹ́ wò bóyá n ó lè jẹ ẹ́; bí n kò bá jẹ ẹ́, òun á mọ̀ pé èmi ni mo rán ejò.

Obìnrin náà kò gbọ́ gbogbo ìyẹn yé, ó kàn nawọ́ sókè. Páìpù ẹ̀rọ amúlétutù wa ni ó ń nawọ́ sí. Omi ń kán nínú rẹ̀ tó, tó, tó, sí ìdí àtẹ̀gùn wa, láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi tí mò ń tún ti gbogbo ìlú ṣe, n kò gbójú sókè wo tèmi. Ó ní ní gbogbo àyíká yẹn, ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tutù. Ejò náà ń wá mumi ni.

Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sì ṣàlàyé fún wa. Ó ní ejò kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara bíi tiwa, ohun tí ilẹ̀ bá jẹ́ ni òun náà ń jẹ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ejò oníṣaworo mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jáde àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n wọlé. Nígbà òtútù, púpọ̀ nínú wọn á kóra jọ sínú ihò àpáta kan ṣoṣo, wọ́n á sùn pọ̀ títí ilẹ̀ á fi móoru. Ní báyìí, òtútù kì í pẹ́ mọ́, wọ́n ń tètè jí, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀sán ti gbóná ju ohun tí ara wọn gbà lọ. Òjò kò rọ̀, koríko kò hù, eku kò bí, ejò náà kò sì rí jẹ. Ó ní abo rẹ̀ tí ebi bá ń pa lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láì lóyún. Iná ń jó ìgbẹ́ tí wọ́n ń sá sí, ibi tí iná kò sì dé, àwọn kọ́lékọ́lé ti dé ibẹ̀. Ó mọ ibìkan tí wọ́n ti da ọ̀dà lé ihò tí ejò ti ń sùn láti ayébáyé. Bí òtútù bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ejò á tún padà wá, wọ́n á máa rìn káàkiri lórí ọ̀dà, wọ́n ń wá ẹnu ọ̀nà.

Ó tún sọ pé bí òjò bá kán díẹ̀, ejò yìí á ká ara rẹ̀ bí òṣùká, omi á gbárajọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, á wá máa fi ẹnu mu ún lára ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n kò ní purọ́ fún yín. Mo bẹ̀rù rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí, n kò kàn gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ń sọ fún mi pé ojú ọjọ́ ti yí padà, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe ni. Mo ní kí n dán an wò. Mo fa páìpù náà lọ sẹ́yìn, sí ìdí igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó jìnnà sílé. Mo jáwọ́ nínú omi wíwọ́n, mo sì ní kí Kúnlé jáwọ́ nínú òróró, kí a lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí ipa ejò nínú iyanrìn nídìí igi náà. Kò sí èyí tó tún dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹ̀yìn omi ni wọ́n tẹ̀ lé, Màmá, wọn kò tẹ̀ lé orúkọ mi, wọn kò sì tẹ̀ lé orúkọ ìyá mi. Èmi àti Kúnlé ti ń jẹun nínú abọ́ kan báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni mo máa ń jẹ́ kó kọ́kọ́ bu òkèlè.

Mo wá jókòó, mo ro ilé wa. Níbo ni gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá? Abẹ́ fèrèsé Ìyá Kékeré ni. Láti ayé Bàbá ni dúrọ́ọ̀mù omi ti wà níbẹ̀, tí àwọn bútà sì tò sára ògiri. Ẹ̀yin ń ṣe é níbẹ̀, Abídù ń ṣe é níbẹ̀, àlejò ń ṣe é níbẹ̀, àwọn ọmọ kéwú ń ṣe é níbẹ̀, títí kan ẹni tó kàn ń kọjá tí ìrun bá bá a lọ́nà. Gbogbo omi tí ẹ fi ń fọ ọwọ́, fọ ẹnu, fọ ẹsẹ̀ ń ṣàn sí ibì kan náà látàárọ̀ títí di àkókò ìṣáì. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀ tí ẹ ní ilẹ̀ Tanke ti sán, tí kànga aládùúgbò ti gbẹ, abẹ́ fèrèsé yẹn nìkan ló tutù. Ọ̀pọ̀lọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń bú wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ bá pọ̀ sí, ta ló ń ránṣẹ́ pe ejò?

Ó tún ku àpáta. Nígbà tí Bàbá kọ́ ilé, igbó ló yí wa ká, àpáta ẹ̀yìn ilé sì ni ilé ejò kí tiwa tó débẹ̀. A ń gbọ́ ìró wọn, a kì í bá ara wa jà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ yìí ni Abídù mú katapílà wá ha igbó náà, tó sì jẹ́ kí àwọn tó ń fọ́ òkúta gbé òòlù ti àpáta, kí ó lè kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àpáta fọ́, igbó tán, oòrùn mú. Níbo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gbà?

Abídù, má bínú o, mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ wà nínú ọ̀rọ̀ ejò yìí. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde pé ejò náà kì í ṣe ojú lásán. Ìwọ lo fi ọ̀rọ̀ ejò tèmi lé ẹnu Màmá. Ọjọ́ tí o pè mí láti sọ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ nítorí ìyá wa, kí o tó pa fóònù, o bi mí bóyá yàrá Ìyá Kékeré máa gba akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Mo ń fèsì báyìí: mo gbọ́ ọ yé.

Màmá, ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ọmọ odó.

Nígbà tí Abídù sọ fún mi pé ẹbí máa jókòó, mo pe Ìyá Kékeré. Mo bi wọ́n bí ẹní ń bi olè ni, n kò fi ọ̀wọ̀ púpọ̀ sí i. Mo ní kí ni wọ́n fi ọmọ odó ìyá mi ṣe. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ṣèlérí pé n kò ní sọ ọ́. N kò ṣèlérí, mo kàn ní mò ń gbọ́. Ohun tí wọ́n sọ rèé.

Ẹ rántí ìgbà tí bíríkìlà wá tún ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé wọn ṣe, tó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ sìmẹ́ńtì náà. Ibo lẹ gbé dúrọ́ọ̀mù àti àwọn bútà lọ nígbà náà? Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná yín ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn yàrá yín. Gbogbo ilé ń ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Ìyá Kékeré máa ń ṣáájú yín jí fún ìrun àsùbáà, ẹ̀yin náà mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jáde, wọ́n bá paramọ́lẹ̀ tó ká jọ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù, lórí bàtà tí ẹ máa ń wọ̀ ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbọ́ tí ẹ̀yin ń wúkọ́ nínú yàrá, tí ẹ ń wá ọ̀pá yín. Ojú yín kò ríran dáadáa láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹsẹ̀ yín kò sì yára. Ọmọ odó yín ló wà nítòsí, lára ògiri. Òun ni wọ́n fi pa á. Wọ́n gbé òkú ejò náà lọ sin sẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, wọ́n fọ ọmọ odó, wọ́n sì gbé e sórí àpáta kí ó gbẹ. Nígbà tí ẹ fi máa jáde, wọ́n ti ń kírun. Ẹ ní wọn kò kí yín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orí ẹní ni wọ́n wà.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò pariwo, kí gbogbo ilé rí i pé ejò lè jáde níbòmíràn. Wọ́n ní bí àwọn bá pariwo, ẹbí á ní àwọn làwọn gbé e síbẹ̀ fún yín. Bí ẹbí bá sì gbà pé kì í ṣe àwọn, ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyáálé, á ní ejò jáde lẹ́nu ọ̀nà tiyín náà. Wọ́n ní orúkọ burúkú kan ti tó ilé Bàbá wa, kí ó má di méjì.

N kò gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà mọ irú ọmọ tí ẹ bí. Mo ní kí Ráhámà lọ wú ibi tí ìyá rẹ̀ dárúkọ. Egungun ejò wà níbẹ̀, orí rẹ̀ fọ́ yángá. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀yin náà lè lọ wò ó, ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi lásán, ẹ mú Alfa dání.

Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ni inú ti ń bí mi, Màmá mi, tí ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí kì í bá ṣe obìnrin yẹn, òkú yín ni Abídù ì bá pè mí láti sọ, orí òrùlé ni ǹ bá sì ti gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníbàárà Ìyá Kékeré ní Ipata ń gba iwájú ìsọ̀ ata gbígbẹ wọn kọjá, wọn kì í yà mọ́, nítorí ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu yín jáde.

Bí ẹbí bá jókòó lọ́jọ́ Jímọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bá mi bi wọ́n: ejò tó wá sẹ́nu ọ̀nà tiyín, ta ni kí a ní ó rán an? Kí Abídù ṣíwọ́ lórí àpáta náà. Kí ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù àlùwàlá lọ sí ìdí máńgòrò iwájú ilé, níbi tí kò sún mọ́ ìlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì gbẹ́ ojú omi fún un. Mo fi tọ́ọ̀ṣì méjì ránṣẹ́, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún yín pé tibí ń sùn pọ̀ nígbà òtútù. Ẹ jọ máa jáde lọ ṣe àlùwàlá, kí ẹni tí ojú rẹ̀ dá máa ṣáájú.

Ọlọ́run Ọba á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, ẹsẹ̀ yín á san. Á rọ òjò àánú sílẹ̀ fún ilẹ̀ Ìlọrin àti fún ilẹ̀ tí mo wà, á pa wá mọ́ lọ́wọ́ ohun tí a rí àti ohun tí a kò rí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí Alfa, ẹ kí ará Tanke, ẹ kí ará Ipata. Kúnlé ní kí n kí yín, ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ wàrà lọ́jọ́ kan, mo sì ń wò ó pé kí ló tún fẹ́.

Bí ẹ bá parí ìwé yìí, ẹ gbé e fún Ìyá Kékeré kí Ráhámà kà á fún wọn, torí pé àwọn náà ni mo kọ ọ́ sí.

Èmi ni ọmọ yín, ẹ̀yin méjèèjì,

Sùlé.